"Ọmọ ìyá ẹ̀ kẹ̀?": nígbà tí abo ajá bá lóyún fún ẹni tí wọ́n jọ bí wọn

Màmá kan wà ládùúgbò wa níbí n'Íjẹ̀bú-Òde tí ọmọ wọn ra pọ́pì méjì fún láti Èkó, akọ kan abo kan, ìyá kan náà ló bí wọn lọ́jọ́ kan náà, ẹni tó tà wọ́n sì ní béèyàn bá ra méjì pọ̀ wọn ò ní máa sunkún lóru, wọ́n á jọ máa ṣọ́lé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí. Màmá tún géètì wọn ṣe, wọ́n ò fẹ́ kí ajá ìta kankan wọlé wá gun abo àwọn, kódà wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí ihò kan tó wà lábẹ́ fẹ́ǹsì lẹ́yìnkùlé. Abo yẹn ò tíì ju oṣù 8 lọ tí ikùn ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Wọ́n pè mí pé kí n wá bá àwọn wò ó bóyá aràn ni, torí pé géètì ò ṣí sílẹ̀ rí. Mo kàn tọ́ka sí akọ tó nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lórí àpò ìrẹsì kan náà. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ ìyá ẹ̀ kẹ̀?"

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mi ò fi bú màmá o, torí mo ti rí irú ẹ̀ lọ́pọ̀ ilé. Káàkiri Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ni, láti Ìmọ̀wò dé Ṣágámù dé Ìpẹru, ilé ńlá ńlá wà tó jẹ́ pé Èkó lonílé ń gbé, máígáàdì kan àti ajá méjì ló ń ṣọ́ ọ títí di ọdún Iléyá tí gbogbo ẹbí máa rọ́ wálé wá ṣe Ojúde Ọba, tẹ́ ẹ bá sì béèrè ibi tí wọ́n ti ra àwọn ajá yẹn, ibì kan náà ni, ọjọ́ kan náà, inú páálí kan náà. Ẹni tó tà wọ́n ò sọ fún wọn pé tí wọn ò bá tètè ṣe nǹkan sí i, kí ọdún kan tó pé, àwọn méjèèjì lè ti bímọ fún ara wọn. Gbogbo agbára wa là ń lò sórí géètì àti fẹ́ǹsì, a ò sì rántí pé akọ kan ti wà nínú ilé.

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú ẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń pò wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni ti ìbátan, ìyẹn kí akọ gun abo tí wọ́n jọ jẹ́ ẹbí, ara àwọn ọmọ tí wọ́n bá bí nìyẹn ti máa ń jáde. Èkejì ni ti ọjọ́ orí, kí abo lóyún nígbà tí òun fúnra ẹ̀ ṣì ń dàgbà lọ́wọ́, ara ìyá nìyẹn ti máa ń jáde. Ajá lè ní ọ̀kan láìní ìkejì. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé àwọn tí wọ́n jọ bí ni wọ́n jọ ń gbé, méjèèjì ló sábà máa ń dé lọ́jọ́ kan náà, torí hítì àkọ́kọ́ báyìí, ìyẹn ìgbà tí ara abo máa ń wá akọ, ló máa bá wọn lójijì, ìgbà tí gbogbo ilé ṣì ń pè wọ́n ní pọ́pì.

Àwọn kan á ní ẹranko ni wọ́n, ẹranko ò mọ ẹbí. Òótọ́ ni, ajá ò mọ ẹbí. Tó bá ti gbóòórùn abo tó ń wá akọ, kò ní béèrè pé ọmọ ta ni ẹ́, bàbá máa gun ọmọ, ọmọ máa gun ìyá tó bí i. Ṣùgbọ́n ajá tó ń rìn kiri ìlú, ọ̀pọ̀ akọ ló máa pàdé, àwọn akọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè náà sì máa ń ṣí kúrò níbi tí wọ́n bí wọn sí, kì í ṣe pé ìbátan ò lè pàdé ìbátan níta o, àmọ́ kì í fìgbà gbogbo ṣẹlẹ̀. Àwa tá a ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn la sọ ọ́ di pé ọmọ ìyá ẹ̀ nìkan lakọ tó wà láyé. Ẹ sì wò ó, àwa fúnra wa mọ̀ ọ́n fún ara wa. Kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìdána, àwọn àgbà á ti wádìí, ọmọ ilé wo ni, níbo ni ìyá ẹ̀ ti wá, tí wọ́n bá sì rí i pé bàbá ńlá kan náà ló bí wọn, wọ́n á ní kẹ́ ẹ dáwọ́ dúró. Wọn ò gbọ́ jíìnì, ìyẹn ohun tí ọmọ ń jogún lára bàbá àti ìyá, rí nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ojú wọn ti rí nǹkan.

Tẹ́ ẹ bá ti lọ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù rí, ẹ ti mọ̀ ju ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ lọ. Ẹni tó jẹ́ AS, ara ẹ̀ le, ẹ ò lè fojú lásán mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n S kan wà tó fara pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Tó bá fẹ́ AA, kò sí ọmọ wọn tó máa jẹ́ SS. Tó bá fẹ́ AS ẹgbẹ́ ẹ̀, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yẹn máa gba S lọ́dọ̀ bàbá kó tún gba S lọ́dọ̀ ìyá, ìgbà yẹn ni àìsàn máa tó yọ síta. Bàbá ò ṣàìsàn, ìyá ò ṣàìsàn, ọmọ ló ń jẹ ìyà ohun tó fara pamọ́ sára àwọn méjèèjì.

Ajá náà ní irú S tiẹ̀. Kì í ṣe S tiwa yìí, tiwọn yàtọ̀, ọ̀kan lè jẹ́ ti ojú tó máa ń fọ́ díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan ti wárápá, ọ̀kan ti kíndìnrín, ọ̀kan ti ẹ̀jẹ̀ tí kì í dá tí ọgbẹ́ bá ṣe é. Kò sí ajá tí kò gbé díẹ̀ pamọ́ sára, bó ti wù kó dára tó lójú, èèyàn náà ò sì yàtọ̀. Ohun tó ń kó wa yọ ni pé tí ajá bá lọ bá àlejò tí wọn ò tan, ohun tí ti ibí gbé pamọ́ kọ́ ni ti ọ̀hún gbé pamọ́, ti ọ̀tún á bo ti òsì. Àwọn ọmọ ìyá kan ńkọ́? Inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti bu ọbẹ̀ tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀, kò le. Ká ní bàbá tó bí àwọn méjèèjì gbé jíìnì burúkú kan pamọ́, ẹyọ kan péré. Akọ lè gbà á, ó lè má gbà á, ìdajì ìdajì ni. Abo náà, ìdajì ìdajì. Kí àwọn méjèèjì jọ gbà á, ìdá kan nínú mẹ́rin. Tí wọ́n bá wá gun ara wọn, ọmọ kọ̀ọ̀kan tún ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti gbà á lọ́dọ̀ bàbá kó sì tún gbà á lọ́dọ̀ ìyá. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin, ìdá kan nínú 16 nìyẹn. Ẹ lè ní ìyẹn ò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n méjì méjì ni ajá ń ní jíìnì kọ̀ọ̀kan, bàbá ní méjì, ìyá ní méjì, mẹ́rin lápapọ̀, èyíkéyìí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì lè bá ọ̀nà yìí padà wá di ìlọ́po méjì lára ọmọ-ọmọ. Ìdá kan nínú 16 lọ́nà mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́rin nìyẹn, 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Bàbá tó gun ọmọ ẹ̀, 25 náà ni. Ìyá àti ọmọkùnrin ẹ̀, 25. Ọbàkan, ìyẹn àwọn tí bàbá nìkan pa pọ̀, 12.5, àwọn iyèkan tí ìyá nìkan pa pọ̀ náà ò yàtọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò, 6.25. Gbogbo nọ́ńbà yìí, iye ibi tí jíìnì tó ti ọ̀dọ̀ bàbá wá àti èyí tó ti ọ̀dọ̀ ìyá wá ti lè jẹ́ ẹ̀dà kan náà lára ọmọ ló ń sọ, tó bá sì jẹ́ pé ohun burúkú kan ló wà níbẹ̀, kò ní sí ohun tó máa bò ó mọ́.

Kí lẹ máa wá fojú rí? Kì í ṣe àbùkù tó ń ba èèyàn lẹ́rù ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọjú. Àwọn ọmọ máa kéré níye, wọ́n á fúyẹ́ lọ́wọ́, òmíì ò ní lágbára àtimu ọmú, ara ẹ̀ á tutù, á dá wà ní kọ̀rọ̀ kan, tó bá di ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta ó ti kú, ẹ ò sì ní rí ohun tó pa á. Àwọn èèyàn á ní afẹ́fẹ́ ni tàbí pé ìyá ẹ̀ sùn lé e lórí. Èyí tó bá yè, ìwọ̀nba ni ara ẹ̀ á máa lè bá àìsàn jà, torí pé bí jíìnì tó wà fún ìdáàbòbò ara bá ṣe pọ̀ lóríṣiríṣi tó ni ara ṣe máa ń dá onírúurú àìsàn mọ̀ tó. Lẹ́yìn ìyẹn làwọn tó hàn sójú: àjà ẹnu tí ò pàdé tí wàrà á máa gba imú jáde, ìdodo tó yọ ìfun síta, ọmọ tí wọ́n bí láìní ihò ìdí, akọ tí kórópọ̀n ẹ̀ kan ò sọ̀ kalẹ̀, ọkàn tó ní ihò, egungun itan tí ò jókòó dáadáa sínú ìbàdí. Gbogbo wọn ló lè ṣe ajá tí òbí ẹ̀ ò tan rárá, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìbátan máa ń mú kó pọ̀ sí i.

Mi ò ní dẹ́rù bà yín ju bó ṣe yẹ lọ. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló máa ní àbùkù, ẹ lè rí ìbímọ kan tí gbogbo wọn dá ṣáṣá, tí wọ́n ń sáré káàkiri ọgbà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú, torí ẹni tó ni wọ́n á ní ṣebí ẹ rí i, kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n, á tún jẹ́ kí wọ́n gun ara wọn lẹ́ẹ̀kejì, á tún mú abo kan nínú àwọn ọmọ yẹn kó máa tọ́ ọ fún bàbá ẹ̀ kan náà. Nọ́ńbà yẹn ò ní dúró síbi 25 mọ́, ó ń gòkè ni. Tó bá di ìran kẹta, abo ò tètè lóyún mọ́, tó bá lóyún ọmọ méjì péré ló bí, akọ ń gùn kò mú nǹkan jáde, wọ́n á wá ní ẹni ibi ló wà nídìí ẹ̀.

Ẹlòmíì á ní àwọn òyìnbó ńkọ́, ṣebí bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún nìyẹn kí irú ajá kan má baà bàjẹ́? Òótọ́ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ajá tí à ń fowó ńlá rà, bí wọ́n ṣe dá wọn sílẹ̀ nìyẹn, ìbátan ń gun ìbátan kí ìrísí wọn lè dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń jẹ gbèsè ẹ̀. Láti 2009 ni Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ ajá sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ní àwọn ò ní forúkọ ọmọ ajá sílẹ̀ mọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló bí i, tàbí bàbá àti ọmọ, tàbí ìyá àti ọmọ. Ní 2021, àwọn olùwádìí Yunifásítì California tó wà ní Davis gbé ìwádìí kan jáde lórí irú ajá tó lé ní 200, wọ́n sì rí i pé tá a bá dá gbogbo wọn pọ̀ pín, ìbátan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 25 yẹn láìtíì sí pé ẹ̀gbọ́n gun àbúrò kankan. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa: tẹ́ ẹ bá wá mú German Shepherd méjì tí ìyá kan bí, orí gbèsè lẹ ń kó gbèsè lé. Ajá ìbílẹ̀ wa tí àwọn kan ń fojú tín-ín-rín yẹn, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ pọ̀ lóríṣiríṣi ju tiwọn lọ.

Ti ọjọ́ orí wá kù, ibẹ̀ ló sì máa ń dùn mí jù torí pé ìyá ló ń jìyà ẹ̀ lójú wa. Abo ajá lè rí hítì àkọ́kọ́ láti nǹkan bí oṣù 6, àwọn irú kéékèèké tiẹ̀ lè ṣáájú díẹ̀, àwọn ńlá bíi Boerboel lè pé ọdún kan kọjá. Akọ náà, oṣù 6 báyìí, ó ti lè fún abo lóyún. Àwọn èèyàn á ní tí Ọlọ́run bá ti jẹ́ kó rí hítì, ó ti tó bí nìyẹn. Ọmọbìnrin tó rí nǹkan oṣù ẹ̀ lọ́mọ ọdún 11, ṣé ẹ máa ní ó ti tó bímọ? Egungun ajá oṣù 7 ṣì ń gùn, ìbàdí ẹ̀ ò tíì fẹ̀ tán, oúnjẹ tó ń jẹ, òun fúnra ẹ̀ ṣì nílò ẹ̀ láti dàgbà, oyún á wá máa bá a pín in, tó bá sì jẹ́ pé èbà àti omi ọbẹ̀ ni wọ́n ń fún un bí ọ̀pọ̀ ilé ṣe ń ṣe, àtòun àtọmọ lebi máa pa. Ìdàgbàsókè ẹ̀ lè dúró síbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà ẹran máa sọ fún yín ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kó rí hítì kan tàbí méjì kọjá, kó tó nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ sí ọdún méjì, kẹ́ ẹ tó máa ronú àtijẹ́ kó bímọ.

Ọjọ́ 63 báyìí ni oyún ajá, ó lè fi ọjọ́ bíi márùn-ún dín, ó lè fi lé. Ajá màmá yẹn bẹ̀rẹ̀ ìrọbí lálẹ́ ọjọ́ kan, wọn ò pè mí títí dìgbà tó di nǹkan bí aago méjì òru, wọ́n ní ó ti ń tì látìgbà yẹn, kò sí ọmọ. Nígbà tí mo débẹ̀ omi aláwọ̀ ewé dúdú kan ti ń jáde lójú ara ẹ̀, ó kàn ń wo ojú wa ni, kò lágbára àtigbé orí sókè mọ́. Kẹ̀kẹ́ Márúwá la fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n la inú ẹ̀. Ọmọ àkọ́kọ́ ló há, orí ẹ̀ ò lè gba ìbàdí ìyá ẹ̀ kọjá, ó ti kú. Wọ́n gbé méjì jáde láàyè. Owó iṣẹ́ abẹ yẹn ju owó tí wọ́n fi ra ajá méjèèjì lọ, màmá sì sanwó yẹn láìjanpata, omi ń jáde lójú wọn.

Nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, tí ajá yín bá ń rọbí, ẹ wo aago. Tó bá ti ń tì gan-an fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ọmọ ò jáde, tàbí tí ọmọ kan ti jáde tí wákàtí méjì sì kọjá tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ó ṣì ku, tàbí tẹ́ ẹ rí omi aláwọ̀ ewé yẹn kí ọmọ àkọ́kọ́ tó dé, ẹ má dúró de ilẹ̀ tó máa mọ́. Ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti fà á, ẹ má gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ìrọbí le tí ẹlòmíì máa ń rà ní kẹ́míìsì, tó bá jẹ́ pé ọmọ ti há ni, abẹ́rẹ́ yẹn lè ya ilé ọmọ. Nǹkan tó dáa ni pé kẹ́ ẹ ti mọ iye ọmọ tó wà nínú tẹ́lẹ̀, sikáànì lè fi oyún hàn láti nǹkan bí ọjọ́ 25, ẹ̀ksíréè tẹ́ ẹ bá ṣe nígbà tó ti lé ní ọjọ́ 55 ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ ka egungun wọn níye.

Tó bá bí tán ọ̀rọ̀ ò tíì parí. Ìyá tó jẹ́ pọ́pì lè sá fún àwọn ọmọ, ó lè máà jẹ́ kí wọ́n mu ọmú, òmíì á tiẹ̀ pa wọ́n jẹ, kì í ṣe ìkà, ẹ̀rù ló ń bà á, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òun. Èyí tó tún léwu jù ni kí kálíṣíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ já wálẹ̀ lójijì nígbà tí wàrà bá ń lọ, láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkẹrin lẹ́yìn ìbímọ. Á máa mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́, ara ẹ̀ á máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ ẹ̀ á le gan-an bí igi, lẹ́yìn náà ló máa di gìrì, ó sì lè pa á láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ kó àwọn ọmọ kúrò nídìí ọmú kẹ́ ẹ sì gbé e lọ bá dókítà lójú ẹsẹ̀. Nǹkan kan sì wà tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: kálíṣíọ̀mù tí wọ́n ń rọ́ fún un nígbà oyún pẹ̀lú èrò pé àwọn ń ràn án lọ́wọ́, ó lè fa ìṣòro yìí gan-an, torí ara ẹ̀ á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń yọ kálíṣíọ̀mù látinú egungun. Oúnjẹ gidi ló nílò, ẹja, ẹyin, ẹran, tàbí oúnjẹ pọ́pì tí wọ́n ń tà, kẹ́ ẹ sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kẹfà oyún lọ.

Báwo lẹ ṣe máa dá a dúró? Tí wọ́n bá ti ń sún mọ́ oṣù 5, ẹ ti máa yẹ ìdí abo wò lójoojúmọ́. Ojú ara ẹ̀ á wú, ẹ̀jẹ̀ á máa kán, á máa lá ara ẹ̀, akọ ò ní jẹun dáadáa mọ́. Hítì àkọ́kọ́ lè wá wẹ́rẹ́ láìsí ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ máa rí nílẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ máa wò ó. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé àwọn èèyàn á ya wọ́n sọ́tọ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń kán, tí ẹ̀jẹ̀ bá ti funfun tó ń dáwọ́ dúró wọ́n á ní ó ti parí, wọ́n á tú wọn sílẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ló ń gbà kí akọ gun òun! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni gbogbo ẹ̀, ẹ jẹ́ kó tó mẹ́rin kọ́kàn yín lè balẹ̀, kó sì jẹ́ ògiri ló wà láàárín wọn, torí mo ti rí ajá tó gun abo láti àárín irin búgúlárì. Ilé ẹbí kan nítòsí ló dáa jù kẹ́ ẹ gbé akọ lọ, tó bá jẹ́ ìgbà Ojúde Ọba tí géètì ń ṣí tó ń padé láti àárọ̀ dalẹ́ gan-an, kódà abo ni kẹ́ ẹ tì mọ́ yàrá.

Tẹ́ ẹ bá bá wọn níbi tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra, ìdí sí ìdí, ẹ má jẹ́ káwọn ọmọdé sọ wọ́n lókò, ẹ má da omi lù wọ́n, ẹ má fà wọ́n. Nǹkan ọmọkùnrin akọ ló wú sínú abo, ó lè tó ìṣẹ́jú 5 sí 30 kó tó rọ̀, ẹni tó bá fà wọ́n ya máa ṣe àwọn méjèèjì léṣe, àtọ̀ sì ti wọlé, kò sí ohun tí ìfà yẹn máa dá padà. Ẹ kọ ọjọ́ yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ sì pe dókítà ẹran láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan. Ó lè fún un ní oògùn tó máa yọ oyún náà pẹ̀lú àbójútó, tàbí kó yọ ilé ọmọ ẹ̀ pátápátá tó bá jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ kó bímọ láé. Ẹ má fún un ní tábúlẹ́ẹ̀tì táwọn obìnrin ń lò lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí àgbo oyún. Abẹ́rẹ́ họ́mónù àtijọ́ kan náà wà táwọn kan ṣì ń gún fún wọn, ó lè ba ibi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ó sì lè jẹ́ kí ilé ọmọ kún fún ọyún. Tẹ́ ẹ ò bá rí dókítà tó mọ̀ ọ́n ṣe nítòsí, Abẹ́òkúta ò jìnnà sí wa, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, ní ilé ìwòsàn ẹran ńbẹ̀, Yunifásítì Ìbàdàn náà ní tiẹ̀. Àti pé, tí ajá ìta náà bá tún gùn ún nínú hítì kan náà, àwọn ọmọ tó máa bí lè jẹ́ ti bàbá méjì, ẹ ò lè fojú yà wọ́n.

Àwọn kan á ní kí abo bí lẹ́ẹ̀kan ná kí wọ́n tó yọ ilé ọmọ ẹ̀, pé ìyẹn ló ń jẹ́ kára ẹ̀ dá. Kò sí àǹfààní kankan tí ìbímọ yẹn ń ṣe fún ara ẹ̀. Ajá méjì tí ìyá kan bí lè jọ gbé nínú ọgbà kan títí ọjọ́ ayé wọn láìsí wàhálà, bí dókítà bá ti yọ ilé ọmọ abo tàbí kórópọ̀n akọ, ọ̀kan péré ti tó. Tó bá jẹ́ akọ ni wọ́n ṣe é fún, ẹ ṣì ya wọ́n sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà, torí àtọ̀ tó ti wà nílẹ̀ kì í tán lójú ẹsẹ̀.

Nínú ọmọ méjì tí wọ́n gbé jáde yẹn, ọ̀kan ò ní àjà ẹnu tó pàdé. Mo la ẹnu ẹ̀ mo rí i, wàrà ń gba imú ẹ̀ jáde, ó kú lọ́jọ́ kẹta. Abo ni èkejì, à ń gbé e sórí òṣùwọ̀n ìdáná lójoojúmọ́, tí kò bá ti fi nǹkan kún tọjọ́ àná, màmá á fi fídíńgì bọ́tù fún un ní wàrà pọ́pì. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ọmọkùnrin kan láti Ṣágámù wá rà á, ó ti kówó dání. Màmá ò gba owó náà títí tí wọ́n fi sọ gbogbo ẹ̀ fún un lójú mi, pé bàbá àti ìyá ajá yìí, ọmọ ìyá kan ni wọ́n, kò gbọ́dọ̀ bímọ, kó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà fún iṣẹ́ abẹ kó tó rí hítì. Ọmọkùnrin yẹn dúró díẹ̀, ó bi wọ́n pé ṣé ó máa ń jẹun dáadáa. Wọ́n ní ó ń jẹun. Ó gbé e, ó kọ nọ́ńbà dókítà sínú fóònù ẹ̀, ó lọ.